Ìlù Tó Ń Kólòlò: Bí Mo Ṣe Fi Dynamic EQ Tún Orin Màmá Ará Oǹdó Kan Ṣe

Ọjọ́bọ̀ ni Màmá wọ ọkọ̀ láti Oǹdó wá bá mi ní Àkúrẹ́. Etí ìró ni wọ́n so flash náà mọ́, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń so owó. Orin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ti gba àwọn orin náà sílẹ̀ ní sítúdíò kan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kú, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju àpapọ̀ orin lọ: ohùn Màmá, àwọn elégbè, gángan, gìtá, béèsì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ti wọnú ara wọn bí ata àti epo nínú ọbẹ̀. Mi ò lè fa ẹyọ kan yọ nínú wọn kó mọ́ tónítóní.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, "tí mo bá rọra ń kọ orin yìí, ó máa ń wù mí gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí mo bá ti gbé e sókè, ó ń gún èmi alára létí. Ọmọ mi obìnrin ní òun ò lè gbọ́ ọ dópin."

Mo bu omi fún wọn, mo sì tan orin àkọ́kọ́.

Oríkì Ọlọ́run ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Gángan nìkan ló ń tẹ̀lé wọn, wọ́n sì ń rọra kì í débi pé mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sínú máìkì. Ohùn àgbà ni, ó kún, ó rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń já geere. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, Màmá lé orin, béèsì àti gìtá wọlé, àwọn elégbè gbè é, Màmá sì ju ohùn sókè. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà. Mo rí i bí wọ́n ṣe fa orí sẹ́yìn lórí àga nígbà tí ohùn ara wọn kọlù wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gúnni o. Nínú ìlà kan tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, méjì péré ni, àwọn ibi tí wọ́n ti na ohùn gùn lókè. Bákan náà ni ti béèsì. Nótì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbàkigbà tí onígìtá bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo yàrá á ró gbòò. Àwọn nótì tó kù jókòó jẹ́jẹ́ sí àyè wọn.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé: àìsàn tó ń wá tó ń lọ ni. Oògùn tí mo bá lò gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó káwọ́ gbera.

Ìdí tí ohùn Màmá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò le. Tí èèyàn bá ń kọrin jẹ́jẹ́, tán-án-ná inú ọ̀fun á rọra máa pàdé. Tó bá gbé e sókè, wọ́n á máa pàdé pẹ̀lú agbára, wọ́n á sì máa pa dé wàì, àwọn ohùn tín-ín-rín tó gun orí ohùn gan-an á wá pọ̀ ju bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ lọ. Nítorí náà, igbe kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́ tí a kàn sọ di ńlá, ìrísí rẹ̀ ti yàtọ̀. Ibi tó sì ti ń pọ̀ yẹn gan-an ni etí ọmọ èèyàn ti ń gbọ́ jù. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson ti wọn èyí ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà: láàárín nǹkan bí 2,000 sí 5,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ohùn tí kò lágbára rárá ti tó etí wa á gbọ́, nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ nílò agbára púpọ̀ kí a tó mọ̀ pé ó wà. Ihò etí fúnra rẹ̀ ń ró níbi 3,000 Hz, ó ń fi tirẹ̀ kún un. Ó wà lára ìdí tí igbe ọmọdé fi máa ń jí ìyá rẹ̀ lójú oorun.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ ṣe. Mo fi EQ lásán, ohun èlò tí a fi ń gbé apá kan nínú ohùn sókè tàbí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gé 3 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ohùn) kúrò ní 3,200 Hz. Igbe náà rọlẹ̀ lóòótọ́. Mo wá dá orin padà sí oríkì tó wà níbẹ̀rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bo Màmá lẹ́nu. Ibẹ̀ náà ni ìró bíi "k", "t" àti "ṣ" ti ń rí ojú jáde. EQ lásán kò mọ̀ pé Màmá ò tíì pariwo. Ó ti gé e láti àárọ̀, á sì máa gé e títí orin á fi parí.

Ìkejì ni compressor onípele púpọ̀, ohun èlò tó ń tẹ ohùn tó bá ga jù mọ́lẹ̀, èyí tó máa ń pín ohùn sí ìsọ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó ki ọwọ́ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó di 2,000 sí 5,000 Hz mú. Tí Màmá bá ti kígbe, gìtá á sá sẹ́yìn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á sá sẹ́yìn, ìgbà tí igbe bá tán ni gbogbo wọn á tó padà wá. Ó dà bí ọjà tí wọ́n ń pa iná rẹ̀ tí wọ́n ń tan án. Ó tún ní àléébù kan tí kì í tètè hàn: níbi tí wọ́n ti pín ohùn yẹn, ohùn máa ń yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àsìkò rẹ̀, yálà compressor náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni o, yálà kò ṣe nǹkan kan. Lórí orin tí mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè padà sí, mi ò fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí kò dùn mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ dynamic EQ. Reaper, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin, ni mo fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí mo sì gbé sórí orin náà ni TDR Nova tí àwọn Tokyo Dawn Labs ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ mẹ́rin ló ní tí èèyàn lè fi ṣe iṣẹ́ yìí, a lè gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi ohùn tirẹ̀. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá èyí tí wọ́n ń rà lówó gọbọi ló dáa jù. Fún iṣẹ́ Màmá yìí, èyí ti tó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ wo obìnrin tó gbé ẹ̀wà kaná. Kò ṣí ọmọrí ìkòkò sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀wà ò ní jinná. Kò sì dé e pa kó máa lọ, torí yóò hó dànù. Ó jókòó tì í. Bí ìfófòó bá ti ń gun ẹnu ìkòkò bọ̀, á gbé ọmọrí díẹ̀, bó bá rọlẹ̀, á dé e padà. Ẹnu ìkòkò yẹn ni threshold, ààlà tí ohùn gbọ́dọ̀ dé kí EQ tó mira. Bí ọmọrí ṣe gbé sókè tó ni iye dB tí a fún un láyè láti gé. Bó ṣe tètè gbé e ni attack, bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé e padà ni release. Q ni bí ibi tó ń gé ṣe fẹ̀ sí: Q kékeré ń gba agbègbè ńlá, Q ńlá ń mú ojú kan ṣoṣo. Tí ohùn ò bá dé ààlà, ọwọ́ EQ náà wà ní òdo, orin á kọjá lọ bó ṣe wá.

Ibi tí ohùn ti ń gúnni ni mo kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé EQ sókè ní 10 dB, wọ́n á wá máa tì í kiri títí wọ́n á fi gbọ́ ohun tó burú. Mi ò fara mọ́ ọn. Kò sí ohùn tí a gbé sókè ní 10 dB tí kò ní burú létí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin níbi tí Màmá ti ń kì, mo gé mẹ́rin níbi tí wọ́n ti kígbe, mo jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀lé ara wọn léraléra, mo rẹ ohùn spíkà sílẹ̀ débi pé mo lè bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ṣì ń yọrí ni ẹlẹ́bi. Ó wà ní nǹkan bí 3,150 Hz.

Mo fi Q sí 1.8. Mo tan ibi oríkì, mo ń fa ààlà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí EQ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mira, mo wá gbé e padà sókè díẹ̀ kó má baà kan ohùn jẹ́jẹ́ yẹn rárá. Mo fún un ní ààyè 4 dB, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Attack, 8 ms (ms kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Release, 140 ms. Nígbà tí release kúrú jù, ohùn Màmá ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, nígbà tó gùn jù, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé igbe ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ní 140 ms, ó ń gbé ọmọrí, ó ń dé e, mi ò sì gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Gìtá tó wà ní agbègbè yẹn ń rọlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n igbe Màmá bò ó mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Màmá gbọ́ ọ. Wọn ò fa orí sẹ́yìn mọ́. "Ó ti rọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n tún un tan.

Ọwọ́ kejì kò gba àkókò: 7,500 Hz, fún "s" àwọn elégbè àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jọ bọ́ sílẹ̀ pọ̀, kò gé ju 2 dB lọ.

Béèsì ni mo ti ṣìṣe.

Màmá ti padà sí Oǹdó. Alẹ́ ni, mo jókòó ti spíkà, nótì yẹn ṣì ń ró gbòò, ó sì ń bí mi nínú. Mo gbé ọwọ́ kẹta sí 130 Hz, mo fi Q sí 0.7 kó lè gba gbogbo agbègbè náà, attack 5 ms kó lè tètè mú un, mo fún un ní ààyè 5 dB. Ó rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn, mo fi orin náà ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp, mo lọ sùn.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n padà wá, àwọn àti Bàbá onílù tó lu gángan nínú orin náà. Àkúrẹ́ níbí ni Bàbá ń gbé, ní agbègbè Òkè-Àrò. Bàbá kò jókòó. Wọ́n gbé gángan wọn kọ́ èjìká, wọ́n ní kí n tan ibi tí ìlù ti kí Màmá káàbọ̀, kété kí wọ́n tó lé orin. Mo tan án. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, mo dá a dúró.

"Ta ló kọ́ ìlù mi ní kólòlò?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi.

Wọ́n fa okùn gángan mọ́ra, wọ́n lù ú fún mi: *Ẹ yà lọ́nà, ìyá ń bọ̀.* Wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá fi ẹnu sọ ohun tí orin tèmi ń sọ, wọ́n gbé àwọn kan sókè, wọ́n sì ń gbé àwọn kan mì: *Ẹ ... lọ́ ..., ... yá ń ...*

"Ìyá ti di yá," ni Bàbá wí. "Yá kí la ó yá, ọmọ mi? Owó?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ ka gbólóhùn yẹn bí àwọn onílù ṣe ń kà á: re dò mí dò, dò mí mí dò. Ìró mẹ́jọ ni, mẹ́rin nínú wọn ló jẹ́ dò. Nígbà tí mo padà sójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé dò gángan Bàbá bọ́ sí nǹkan bí 155 Hz, mí rẹ̀ sì ń sún mọ́ 290. Ọwọ́ EQ tí mo gbé sí 130 Hz fẹ̀ débi pé ó gba 155 mọ́ra. Bí dò bá ti dún, yóò kọjá ààlà, EQ yóò sì gé e. Mí á kọjá lọ ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Torí náà, mi ò dín ìró ìlù kù lásán. Ìdajì ohun tí ìlù ń sọ ni mo ń fà yọ lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń ṣà á yọ: ohùn ìsàlẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an, mi ò sì fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí sábà máa ń ní dùrọ́ọ̀mù lọ́kàn, ìlù tí ojú rẹ̀ wà ní ohùn kan ṣoṣo. A ní kí a wá ibi tó ti ń ró, kí a gé e. Gángan kì í dúró sójú kan. Bí ọwọ́ bá ti fún okùn ni ohùn rẹ̀ ń gun òkè, bó bá dẹ̀ ẹ́ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀, inú gígùn àti sísọ̀ yẹn sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú kan tí mo bá gé nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni mo gé. Èmi tí mo dàgbà sí Àkúrẹ́, tí mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ kí n tó mọ ABD, kí ló dé tí mi ò gbọ́ ọ? Béèsì ni mo tẹ́tí sí. Etí kì í gbọ́ ohun tí ọkàn kò bá lọ bá.

Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́ jókòó tì mí, a jọ tún un ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé mo fi hẹ́ẹ̀dùfóònù sétí, èyí tó yẹ kí n ti ṣe ní alẹ́ yẹn. Nótì béèsì náà ṣì ga ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò ró gbòò bó ṣe ń ró nínú yàrá. Mo mú tépù, mo wọn yàrá mi láti ògiri dé ògiri: mítà 2.8. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tiwa, ohùn ń sáré ní nǹkan bíi mítà 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí èèyàn bá pín in sí ìlọ́po méjì fífẹ̀ yàrá, yóò rí nǹkan bí 61.6 Hz, ibi àkọ́kọ́ tí ògiri méjèèjì ti máa ń ti ohùn lẹ́yìn, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ibi kejì, 123 Hz. Nótì béèsì tó ń bí mi nínú? B ni, 123 Hz géérégé. Ìdajì ohun tí mò ń bá jà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, inú ògiri mi ló ti ń wá. Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù pẹlẹbẹ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ò lè dá ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, ohun tó nípọn gan-an ló lè ṣe é.

Nítorí náà, ìwọ̀n gígé náà sọ̀ kalẹ̀ láti 5 dB sí 2.5. Mo gbé e sójú gan-an, 123 Hz, mo fi Q sí 5 kó má lè na ọwọ́ dé 155. Mo wá yí attack láti 5 ms sí 60. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nínú orin yìí, nótì béèsì máa ń dúró fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Lílù gángan kan ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ọ̀pá kan awọ, ó sọ tirẹ̀, ó tán. Ní 60 ms, ìlù á ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì kí EQ tó lajú, béèsì tó jókòó síbẹ̀ ni yóò bá. Àkókò ló bá mi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ níbi tí ìwọ̀n ohùn nìkan ò ti lè yà wọ́n.

Mo tún ṣe ohun kan sí i. Ẹni tó po orin náà pọ̀ ti gbé gángan sí apá òsì, béèsì àti ohùn Màmá wà láàárín. Mo gbé iṣẹ́ ọwọ́ kẹta yìí sórí Nova mìíràn, mo ní kí ìyẹn máa ṣiṣẹ́ lórí àárín nìkan, ìyẹn ohun tó dọ́gba létí méjèèjì, kó má fọwọ́ kan ohun tó mú ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Díẹ̀ nínú ìlù ṣì wà láàárín, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ohun tó fún un ní ààyè tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Iná lọ nígbà tí a wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo sì sọ fún Bàbá pé a ò ní dá ẹjọ́ béèsì títí iná á fi dé. Jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn fèrèsé máa ń bo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, èèyàn á wá gbà pé béèsì kéré, á fi kún un, ọjọ́ kejì ni yóò kábàámọ̀. A jókòó, Màmá bu ẹ̀pà fún wa. Bàbá ń sọ ìtàn àwọn onílù tó kọ́ wọn. Iná dé ní nǹkan bí agogo márùn-ún.

Mo tan orin náà. Bàbá pa ojú dé. Nígbà tí ìlù dé ibi *ìyá ń bọ̀*, ẹnu wọn ń bá a sọ ọ́ láìjáde síta. Wọ́n ní kí n tún un tan, kí n pa EQ náà, kí n tún tan án. Mo ṣe é fún wọn, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ mú méjèèjì dọ́gba ní ìwọ̀n agbára, torí èyí tó bá pariwo ju èkejì lọ díẹ̀ ló máa ń dùn jù létí, ì báà má dáa jù. Bàbá ní, "Èyí ló ń sọ̀rọ̀," wọ́n nawọ́ sí èyí tí EQ wà lórí rẹ̀.

Ká ní ohùn Màmá wà lọ́tọ̀ ni, ọ̀nà mìíràn ni mi ò bá gbà. Mi ò bá gbé dynamic EQ sórí gìtá, kí n sì fi ohùn Màmá ṣe ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún un: ìgbà tí Màmá bá kọrin, gìtá á yà díẹ̀ fún wọn ní nǹkan bí 2,500 Hz, ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́, á padà sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe é fún àwọn akọrin tó ń gba orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń kọrin ní sítúdíò pé kí wọ́n gba ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí dírááfù tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá san owó tán. Ẹ má fi sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Èyí tó kù yá. Orí Màmá bá wọn ṣe é, ẹni tó po orin náà pọ̀ ò tíì fi limiter, ohun èlò tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ààlà, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Agbára rẹ̀ wà ní −19 LUFS, ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó létí, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé limiter sí ìparí, lẹ́yìn dynamic EQ. Tó bá jẹ́ òun ló ṣáájú, igbe Màmá ló máa kọ́kọ́ kàn án, ìlù, béèsì àti gbogbo orin á wá máa tẹrí ba nítorí ọ̀rọ̀ méjì. Mo gbé e dé −14 LUFS, níbi tí Spotify fúnra rẹ̀ máa ń mú orin dọ́gba sí, mo sì jẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀, ibi tí ohùn ti ga jù lọ, dúró ní −1 dBTP. Màmá béèrè pé kí ló dé tí kò pariwo tó orin àwọn ọ̀dọ́. Mo tan orin kan tí wọ́n ti fún pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, mo mú méjèèjì dọ́gba, wọ́n gbọ́ bí ìlù inú tọ̀hún ṣe pẹlẹbẹ. Wọn ò béèrè mọ́.

Mo gbọ́ orin náà lórí fóònù mi, níbi tí béèsì kì í ti í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Dò Bàbá ṣì hàn, torí etí máa ń fi àwọn ohùn tó gun orí rẹ̀ mọ ibi tó wà. Mo bẹ awakọ̀ takisí kan láti Ọjà Ọba sí Alágbàká pé kó fi flash mi sí rédíò rẹ̀. Ó fi sí i. Nígbà tí Màmá ju ohùn sókè, kò nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń dín in kù. Ohun tí mò ń wò nìyẹn.

Orin kejì ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Mo ti bẹ Bàbá onílù pé kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n fẹnu ka ohun tí ìlù ń sọ níbẹ̀ fún mi kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nínú èyí, G ni nótì béèsì tó ń yọrí, 98 Hz, ìlù tí wọ́n lù síbẹ̀ sì tóbi ju gángan lọ, dò rẹ̀ jìn sísàlẹ̀ gan-an. Mo ti ń wò ó pé àwọn méjèèjì lè sún mọ́ ara wọn débi tí Q ò ti ní ràn mí lọ́wọ́.